Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Agbẹ̀bí kan, Kánò:

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ ni tèmi. Ní wọ́ọ̀dù wa tẹ́lẹ̀, ojú la fi ń wọn ẹ̀jẹ̀. Á rin ìró, á rin bẹ́ẹ̀dì, á kán sílẹ̀, àwa á sì kọ iye tí ọkàn wa bá sọ sínú fáìlì. Ìró a máa mu ẹ̀jẹ̀ ju bí ojú ṣe lè mọ̀ lọ. Kí a tó fura, ọwọ́ ìyá ọmọ ti tutù.

Ìwádìí E-MOTIVE ló yí i padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Yunifásítì Bayero ló ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwa tí a ń gbẹ̀bí lóru gan-an la ṣe é, láàárín iṣẹ́ wa. Ọ̀rá kan la ń tẹ́ sábẹ́ ìdí ìyá bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀. Àpò rẹ̀ rí bí àrọ, ìlà sì wà lára rẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan ìlà 500 mílílítà, kò sí àríyànjiyàn mọ́: ẹ fọwọ́ ra ilé ọmọ, ẹ gún un ní oxytocin àti tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹ fi dírípù sí i, ẹ wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́lẹ̀, a ó ṣe ọ̀kan, a ó dúró wò bóyá yóò ṣiṣẹ́.

Àpótí tí a ń kó àwọn oògùn wọ̀nyí sí ni mo fẹ́ràn jù. Gbogbo oògùn ti wà nínú rẹ̀, kò sí pé à ń rán ọkọ aláìsàn lọ wá oògùn ní òru. Lóru ọjọ́ kan, a gba ọmọdébìnrin kan láti Ungogo, ìyá ọkọ rẹ̀ di apá aṣọ mi mú. Mo ń wo ẹ̀jẹ̀ náà bó ṣe ń gun ìlà. Kí n tó pariwo tán, ẹnìkejì mi ti ṣí àpótí. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ó ti ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn.

Èsì jáde lọ́dún 2023: ó lé ní 200,000 obìnrin, ilé ìwòsàn 80, ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa. Ìṣòro ẹ̀jẹ̀ dídà tó le fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Oògùn tí a ti ní tẹ́lẹ̀ náà ni o! Bí a ṣe ń lò ó ló yàtọ̀.

Bàbá Àyọ̀, Kàdúná:

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi, mà. Ọmọ mi ní SS, àrùn sickle cell. Ní kíliníkì, wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan orí rẹ̀, wọ́n ní ó yára jù, rọpárọsẹ̀ lè kọ lù ú. Oògùn hydroxyurea ni wọ́n fún un, ìwọ̀n kékeré. Nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé fún wa pé wọ́n ti fi ìwọ̀n kékeré àti èyí tó jù ú lọ wéra lára àwọn ọmọ wa ní Kánò àti Kàdúná níbí, wọn ò sì rí i pé èyí tó pọ̀ dáàbò bò wọ́n ju èkejì lọ. Èmi tí mò ń ra oògùn lóṣooṣù, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n tí n ò bá béèrè, ta ni ìbá sọ fún mi? Mà, ṣé ẹ máa ń fi èsì yín han àwọn ìyá?

Agbẹ̀bí kan, Kánò:

Yàrá àwa òṣìṣẹ́ nìkan la lẹ̀ ẹ́ mọ́, sà. Màá bá métírọ́ọ̀nù sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, kí a kọ ọ́ ní Háúsá sí ibi tí wọ́n ń jókòó sí.