Oṣù tí ò tíì dé ń gbé iye kiri nínú TOTALYTD mi

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Àkáǹtì ẹni tó ń ra kòkó n'Íkẹ̀rẹ́ ni mò ń bá wọn ṣe nínú Power BI (ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń ṣe ìròyìn iye), ọ̀gá ò ka ọdún láti January, October tí kòkó ń wọlé ni wọ́n ti ń kà á, mo wá fi "9/30" (September 30, ìparí ọdún wọn) sí ìparí TOTALYTD, fọ́múlà tó ń ro iye pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìyẹn sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ oṣù tí ò tíì dé náà ń gbé iye oṣù yìí kiri títí dé September, ọ̀gá ní ta ló bá àwọn ra kòkó lọ́jọ́ iwájú 😂. Ṣé kí n fi IF àti ISBLANK (tó ń wò ó bóyá oṣù kan ò ní iye kankan) bò ó ni? Ẹ̀rù ń bà mí pé oṣù tá ò ra nǹkankan gan-an á pòórá. Àbí kí n gé kàlẹ́ńdà síbi ọjà tá a rà kẹ́yìn? Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ̀ ń lò?