Àbọ̀ ọ̀rọ̀ IT mi: mo ti parí

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ṣeun gan-an. Mo bi yín níjọ́sí bóyá kí n lọ ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́) olóṣù mẹ́fà mi níbi tí wọ́n ti ń tún tiransifọ́mà ṣe n'Íkẹjà, tí wọn ò ní fún mi ju owó ọkọ̀ lọ, àbí kí n jókòó sí ọ́fíìsì àbúrò bàbá mi, kí wọ́n kàn máa bá mi buwọ́ lu logbook, ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ tí a ṣe lójoojúmọ́ sí. Ẹ ní kí n lọ Ìkẹjà. Mo lọ.

Lára tiransifọ́mà, ìgò kékeré kan wà tí wọ́n ń rọ silica gel sí, hóró wẹ́wẹ́ tó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kó má baà dé inú ọ́ìlì tiransifọ́mà. Tó bá gbẹ, ó máa ń dà bí aró. Tí ọ̀rinrin bá ti wọ̀ ọ́, á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Mo ti kà á ní kíláàsì, mo tiẹ̀ gba máàkì lórí rẹ̀. Àmọ́ ìgbà tí ọ̀gá wa ní kí n fọwọ́ ara mi pààrọ̀ rẹ̀ ló tó yé mi pé omi díẹ̀ nínú ọ́ìlì lè sọ odidi àdúgbò sókùnkùn.

Torí irú èyí ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ṣe dá SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe IT, sílẹ̀ ní 1973. Ó ń dùn mí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ra sítáǹpù sínú logbook láìfọwọ́ kan sípánà.

Ẹni tó béèrè nípa owó: wọ́n fi díẹ̀ kún owó ọkọ̀ mi nígbà tó yá, kò tó nǹkan. Ẹ tètè kọ lẹ́tà tí ẹ máa fi wá àyè IT kí sáà tó parí, àyè kì í pẹ́ kún.