Èsì: Úrímù àti Túmímù kì í ṣe "Ìmọ́lẹ̀-òun-Pípé"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ ọ́ síbí pé ó tó gẹ́ẹ́, kí á yé fi orúkọ Hébérù pe Úrímù àti Túmímù, ohun tí olórí àlùfáà Ísírẹ́lì fi ń béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú Bíbélì, "Ìmọ́lẹ̀-òun-Pípé" ni kí á máa pè é. Ọ̀pọ̀ yín sì kan sáárá sí wọn. Èmi ò lè bá yín kan án. Kí ni ìmọ́lẹ̀ ń wá níbẹ̀?

Iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni kí á wò. Nínú Ẹ́kísódù 28, aṣọ tí a ṣẹ́po sí méjì ni ìgbàyà olórí àlùfáà, òkúta iyebíye 12 ló wà níwájú rẹ̀, orúkọ àwọn ẹ̀yà Ísírẹ́lì ni wọ́n fín sí wọn lára. Inú ìgbàyà yẹn ni Úrímù àti Túmímù ń gbé. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù ń wá ẹni tó ṣẹ̀, nínú 1 Sámúẹ́lì 14, ìtumọ̀ Gíríìkì àtijọ́ là á mọ́lẹ̀: bó bá jẹ́ òun tàbí Jónátánì ọmọ rẹ̀ ló jẹ̀bi, kí Úrímù jáde, bó bá jẹ́ àwọn ènìyàn ni, kí Túmímù jáde. Méjì ni, ọ̀kan ló máa jáde. Kí là ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé wa? Ìbò ni. Èmi ní kí á pè é ní ìbò ìgbàyà.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ẹnìkan ti sọ níbí pé ìbátan ni ìbò àti ìbọ̀rìṣà. Rárá o! "Bọ" ló wà nínú ìbọ̀rìṣà, ọ tó ní àmì lábẹ́. Ìbò ò ní in. Ẹni tí àmì yẹn kò bá jámọ́ nǹkan lójú rẹ̀, kó má dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wa. Lóòótọ́ ni babaláwo ń lo ìbò: owó ẹyọ tí a so pọ̀ fún bẹ́ẹ̀ ni, eegun fún bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó wá dáfá á di ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọwọ́, ọ̀pẹ̀lẹ̀ á sì fi èyí tó tọ́ hàn. Ṣé nítorí ìyẹn la ó ṣe sá fún ọ̀rọ̀ wa? Ìbò náà la lọ dì ní 2023, pásítọ̀ àti alfa jọ tò sórí ìlà. Bíbélì àtijọ́ wa gan-an ní Áárónì dìbò lórí ewúrẹ́ méjì, Léfítíkù 16.

Ẹ tún wo "ìmọ́lẹ̀" yẹn fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ láìfàmì sí, bí a ti ń ṣe lórí fóònù, kí ni yóò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára imọlẹ̀, àwọn irúnmọlẹ̀? Ẹ sá fún Ifá, ẹ wá gbé imọlẹ̀ lé olórí àlùfáà láyà! Bàbá tó bí bàbá mi ka Bíbélì tí àmì ohùn inú rẹ̀ kò tó nǹkan títí wọ́n fi sùn, wọn ò ṣi èyí kà rí. Etí àwọn àgbà ìgbà náà gbọ́ èdè. Àwọn ọmọ wa ò ní etí yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn rábì, àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Júù, sọ pé lẹ́tà ara òkúta ló ń tàn. Ìgbà tí nǹkan náà ti pòórá ni àwọn rábì yẹn ń sọ̀rọ̀. Ẹ́sírà 2 ti ní kí àwọn kan dúró títí àlùfáà tó ní Úrímù àti Túmímù yóò fi dìde. Wọ́n ti ìgbèkùn Bábílónì dé, wọn ò rí i lò mọ́.

Ti éfódì, aṣọ òkè olórí àlùfáà tí wọ́n ń so ìgbàyà mọ́, tí ẹnìkan sọ di "agbádá àlùfáà" ńkọ́? Aṣọ ìgúnwà tó ní ṣaworo wúrà ní ìṣẹ́tí ló wà nísàlẹ̀, éfódì wá lórí rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ èjìká méjì àti ọ̀já ìdí. Éfódì ọ̀gbọ̀ ni Dáfídì wọ̀ nígbà tó ń jó níwájú àpótí ẹ̀rí, tí Míkálì aya rẹ̀ fi bú u pé ó ṣíra sílẹ̀ lójú àwọn ìránṣẹ́bìnrin. Ta ló wọ agbádá tí ara rẹ̀ ń hàn síta? Bàǹtẹ́ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bàǹtẹ́ ò ní èjìká. Ẹ fi éfódì sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn kọ́ Hébérù ní yunifásítì, kí á dákẹ́. A bọ̀wọ̀ fún Hébérù yín, sà. Ṣùgbọ́n "pípé" tí ẹ kọ yẹn, pípé kí ni? Ìwà pípé ni, àbí owó pípé? Mo ti béèrè tẹ́lẹ̀, ẹ ò dáhùn.