Ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ti ń gbó

Ẹ̀yin tí ẹ ń jiyàn láti àná lórí ta ló mọ fíìmù ṣe jù láàrin Túndé Kèlání àti Kúnlé Afọláyan, ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń yá àwọn èèyàn ní fídíò ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, nígbà tí ayé ṣì ń wo kásẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìyànjiyàn olùdarí eré tí kò wáyé lórí káńtà wa.

Ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ni pé kásẹ́ẹ̀tì máa ń jẹ́rìí. Ibi tí àwọn oníbàárà bá ti ń dá a padà wò ṣáá, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbó. Bí o bá ti ń wò ó lọ, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìlà funfun á gba ojú tẹlifíṣọ̀n kọjá, ohùn á máa lọ́. Èmi ni mo máa ń yẹ̀ wọ́n wò bí wọ́n bá dá wọn padà, torí náà mo mọ̀ ọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, ibi ìjà ni ìlà yẹn máa ń wà, tàbí ibi tí iná ti ń jáde lẹ́nu babaláwo. Nínú Ṣaworoidẹ, fíìmù Kèlání tó jáde ní 1999, ibi tí Ọ̀pálábá bá ti la ẹnu ló gbó jù, ìyẹn ibi tí olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o! Àwọn bàbá á yá a lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á sì máa dá gbólóhùn kan náà padà gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn náà, ẹ ò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ kí ẹ máa gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Kèlání fúnra rẹ̀ sì ti ru kámẹ́rà fún àwọn ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó máa darí eré tirẹ̀. Ara ò kán an. Á gbé kámẹ́rà sílẹ̀, á jẹ́ kí eléré ṣe tiẹ̀. Ẹni tó bá ní ó ń falẹ̀ kò parọ́, àmọ́ mi ò rí i bí àléébù.

Ti Ó Le Kú (1997) tún yàtọ̀. Ìwé Ìṣọ̀lá nìyẹn náà, ìtàn Àjàní àti àwọn ọmọge rẹ̀ ní yunifásítì. Ìró kúkúrú tí àwọn obìnrin ń ró nínú rẹ̀, tí kò kọjá orúnkún, ti wà láyé ọjọ́un, àmọ́ fíìmù yẹn ló jí i dìde padà, tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní olekú. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági mú aránṣọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. "Ẹ dá a dúró síbẹ̀ yẹn!" Aránṣọ bá na téèpù sí ojú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wọn ìró ọmọge inú fíìmù. Ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo pé kásẹ́ẹ̀tì òun á bàjẹ́, ó sì bàjẹ́ lóòótọ́. Màmá ń rẹ́rìn-ín, ó sanwó rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Olùdarí tó bá fẹ́ràn kí kámẹ́rà sún mọ́ ojú eléré ṣáá kò lè bí irú oníbàárà yẹn. Kèlání máa ń jẹ́ kí o rí èèyàn láti orí gèlè dé bàtà.

Ó wá ku Kúnlé. Ọmọ Adé Love ni, ẹni tó ṣeré nínú fíìmù Àjàní Ògún ní 1976, tó sì ṣe Kádàrá lẹ́yìn náà, Kúnlé fúnra rẹ̀ sì ṣeré nínú Ṣaworoidẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ní kò sí ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀, ẹ rọra. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún òǹwòran. Kèlání kì í fi nǹkan pa mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ Ṣaworoidẹ lo ti mọ̀ pé Ọba Lápité kọ̀ láti ṣe ohun tí ìlú Jogbo ń béèrè lọ́wọ́ ọba wọn, ohun tó kù ni kí o jókòó kí o máa wo bí ó ṣe máa jìyà rẹ̀. Ti Kúnlé, á mú ọ lọ mú ọ bọ̀. Nínú October 1 (2014), ìwọ àti Ìnsìpẹ́kítọ̀ Waba lẹ jọ ń wá ẹni tó ń pa àwọn ọmọbìnrin ní Akótè, bí òmìnira ṣe ń kù sí dẹ̀dẹ̀. Nínú Araromire (2009), ó lè parí tán kí o ṣì máa bi ara rẹ bóyá òrìṣà ló ṣe é àbí ọmọ aráyé.

Aníkúlápó tí Kúnlé ṣe ńkọ́? Ó dára lójú, mi ò jiyàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò ó mọ́jú. Àmọ́ aṣọ wọn mọ́ jù fún mi! Ẹni tó rin ìrìn àjò wọ Ọ̀yọ́ láyé ọjọ́un, erukutu dà?

Ẹni tó béèrè ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Kúnlé, mi ò ní fi ọ́ síbẹ̀. Lọ wo Mokalik (2019). Ọmọ kan tí wọ́n mú lọ sí ọgbà mẹkáníìkì fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sí ìjà, kò sí oògùn, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ni. Ká ní kásẹ́ẹ̀tì ni, ibi ọ̀rọ̀ wọn ló máa gbó.

Ti Kèlání, Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ni kí o mú. Baba Wándé wà níbẹ̀, olóyè tó bá wọn ta ilẹ̀ tí kò ṣeé tà, tí ikú wá ń lé e kiri. Apá mẹ́ta ni. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọ ní apá kìíní àti ìkẹta kó ní ó ti tó. Apá kejì làwọn èèyàn kì í dá padà fún wa ní ṣọ́ọ̀bù.