Ìpààrọ̀ kọ́, àbùkún ni

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa oògùn táwọn obìnrin ń lò nígbà tí nǹkan oṣù bá ti dúró, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hormone replacement therapy, tí ẹ̀yin pè ní "ìpààrọ̀ omi-ara" (omi-ara ni ẹ fi túmọ̀ hormone). Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí gan-an.

Ẹni tó bá pààrọ̀ ti fi ọ̀kan sílẹ̀ kó tó mú òmíràn. Kí ni obìnrin yìí fi sílẹ̀? Nọ́ọ̀sì kan lo irú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta gààrí ní Tákíè: "Màmá, a máa pààrọ̀ omi ara yín." Ó ṣíwọ́ òógùn tó ń fi etí gèlè nù, ó ní, "Ti ta ni ẹ fẹ́ fi pààrọ̀ tèmi?" Oṣù mẹ́ta ni kò padà síbẹ̀.

Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀kan. Estrogen, ọ̀kan lára omi ara obìnrin, tí wọ́n lò nínú ìwádìí ńlá Amẹ́ríkà lórí oògùn yìí, tí wọ́n dá dúró lọ́dún 2002, inú ìtọ̀ abo ẹṣin tó lóyún ni wọ́n ti yọ ọ́. Obìnrin 16,608 ló wà níbẹ̀, ẹni 50 sí 79 ọdún. Bó bá jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ nǹkan lóòótọ́, àyà wọn, èyí tó ń lù, ì bá dà bíi ti ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àwọn tó lo estrogen pọ̀ mọ́ progestin (irú omi ara obìnrin kejì) ló wá ní àìsàn àyà (tí ẹ̀yin pè ní àìsàn ọkàn), rọpárọsẹ̀ àti jẹjẹrẹ ọyàn ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní 60. Dókítà ṣì lè fún ẹni tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀ nítorí ooru ara, àmọ́ wọn kì í fúnni torí àtidáàbò bo àyà nìkan.

Ẹni tó dábàá pé ká pè é ní "ìrọ́pò" náà kò tọ̀nà. Omi yẹn kì í gbẹ tán, ọ̀rá ara ṣì ń pèsè díẹ̀. Ṣé a ń fi arọ́pò jẹ nígbà tí onípò ṣì jókòó?

Bí ọbẹ̀ bá ń gbẹ lórí iná, kí làwọn ìyá wa ń sọ? "Bu omi kún un." Àbùkún omi ara nìyẹn. Ẹ má sọ pé ohùn àárín ni bu, tí kò fi bá bù inú àbùkún mu: ohùn ìsàlẹ̀ ló ní, iwájú "omi" ló ti yí padà. Mo mọ̀ pé ìbùkún ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì, pàápàá ní Ògbómọ̀ṣọ́ Onítẹ̀bọmi wa yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fi à bẹ̀rẹ̀, tí n ò fi ì. Àfikún ńkọ́? Fi kò sọ ìwọ̀n. Ẹni tó bá ń bù mọ ìwọ̀n tó ń bù, oògùn yìí sì gba ìwọ̀n.

Ó ku "ìlera ọkàn" tí ẹ lò fún ìlera àyà. Ìyá ìyá mi, àyà ló ń pe èyí tó ń lù. Ọkàn ló fi ń ronú. Ẹ dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Ẹ má sì ṣe bíi bàbá kan láti Ọ̀yọ́ tó ní èdè oko ni mò ń sọ lóṣù tó kọjá, n ò tíì gbàgbé.