Fíìmù ilẹ̀ òkèèrè wo ni kí n tún wò?

Òkun o, ẹ̀yin ará. Kábà ni mo wà. Òǹwòran lásán ni mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù, àmọ́ mo fẹ́ràn èyí tó bá ń bani lẹ́rù tàbí tí ìjà kún inú rẹ̀.

Train to Busan ti Kòríà (2016) ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn tí àrùn sọ di abàmì ń bu èèyàn jẹ nínú ọkọ̀ ojú irin, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá yẹn àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló pa mí lẹ́kún. The Raid ti Indonéṣíà ńkọ́? Ìjà silat (ìjà ìbílẹ̀ wọn) inú ilé alájà gíga yẹn ò jẹ́ kéèyàn mí! Ìtàn rẹ̀ ò tó nǹkan ṣá, kí n má purọ́. Ringu ti Japan (1998) ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ó ń falẹ̀ jù. Lójú tèmi, inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rù wà.

Ìyá mi ti ní àwọn fẹ́ bá wa wò báyìí, wọn ò sì lè máa sáré ka ọ̀rọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀. Ṣé kí n wá èyí tí wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ohùn òṣèré ni (mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá), àbí kí n máa dá a dúró, kí n máa túmọ̀ fún wọn? Ẹ tún dárúkọ ti Sípéènì tàbí Hong Kong kan fún mi. Dátà wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kó má sì jẹ́ èyí tí ojú á tì mí láti wò níwájú ìyá mi.