“Ìtúkọ̀” kọ́ ni orúkọ iṣẹ́ yìí

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Mo ka àtẹ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fi ránṣẹ́ lórí ohun tó yẹ ní ṣíṣe kí ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ti orí tírélà wọ omi. Ó pe gbogbo iṣẹ́ náà ní “ìtúkọ̀”, ó pe tírélà ní “afakọ̀”, ó sì pe ohun tí à ń fi dí ihò ìdí ọkọ̀ ní “ìdíhò”. Inú mi dùn pé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ wà ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n “ìtúkọ̀” yẹn, n kò lè gbà á.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ohùn bẹ̀rẹ̀. Tù ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó bí atukọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni, ó sì ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: tu ọkọ̀, ìtukọ̀. Tú ti okùn àti ìdè kì í yí padà: tú ọkọ̀, ìtúkọ̀. Àmì kan ṣoṣo ló la àwọn méjèèjì láàárín. Bí a bá lẹ àtẹ yìí mọ́ pátákó létí omi, tí òjò sì pa àmì náà rẹ́, báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ̀ bóyá wíwà ni tàbí títú? Ẹ rántí pé ọkọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ti ilẹ̀ àti ti omi. Ẹni tí a bá ní kó “túkọ̀” lè lọ tú tírélà kúrò lẹ́yìn mọ́tò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń pe ti ilẹ̀ ní mọ́tò nínú lẹ́tà yìí, tí mo sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ti omi nìkan.

Ohùn kọ́ ló dùn mí jù, ìtumọ̀ ni. Ìdè tó wà lára ọkọ̀ lórí tírélà kì í ṣe ẹyọ kan. Bẹ́líìtì méjì ló sábà máa ń di ìdí ọkọ̀ mọ́ tírélà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Níwájú, okùn wíǹṣì, ẹ̀rọ tí à ń yí láti fi fa ọkọ̀ gorí tírélà, kọ́ òrùka imú ọkọ̀, ẹ̀wọ̀n irin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò di ọkọ̀ mú bí okùn bá já tàbí tí eyín wíǹṣì bá yọ̀. Bẹ́líìtì ìdí ni à ń tú lókè, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bí a bá gbàgbé wọn, ìdí ọkọ̀ kò ní lè léfòó bí omi ti ń ga sí i, omi á sì gba ẹ̀yìn ru wọlé. Ṣùgbọ́n okùn wíǹṣì àti ẹ̀wọ̀n kò gbọdọ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà títí ìdí ọkọ̀ yóò fi léfòó. Ẹni tó bá tú wọn lókè, pàápàá lórí tírélà onírólà, èyí tó ní ọ̀pá róbótó tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ á yọ̀ kúrò, á sì balẹ̀ sórí kọnkéré pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Tírélà tí wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì bo igi rẹ̀ náà ń yọ̀ bó bá ti tutù. Kí a sì tó tú ti iwájú, okùn mìíràn ti gbọ́dọ̀ wà lára imú ọkọ̀, kí ẹnì kan di ìpẹ̀kun okùn náà mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ á gbé ọkọ̀ lọ.

Ìdè oríṣi méjì, ibi méjì, àsìkò méjì. A wá fi tú ṣe orí ọ̀rọ̀ fún gbogbo rẹ̀! Ohun tí ẹni tó ń kánjú kò gbọdọ̀ tètè ṣe ni ó kọ́kọ́ kà.

Sọ̀ ni èmi fara mọ́, èyí tó wà nínú sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹni tó ń sọ ẹrù kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ẹrù tó balẹ̀. “Ìsọkọ̀sómi” nígbà náà.

“Afakọ̀” ńkọ́? A- jẹ́ ti olùṣe: apẹja, atukọ̀, asẹ́ àti ajọ̀ náà ń ṣe iṣẹ́ tí a fi sọ wọ́n lórúkọ. Tírélà kò fa nǹkan kan. Mọ́tò ló ń fà á. Ó gbé ọkọ̀ ni, nítorí náà “agbọ́kọ̀”.

N kò bá ìhun “ìdíhò” jà, torí ìgbálẹ̀ àti ìdérí ló jọ. Etí ló ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí ihò ni à ń gbọ́, ìdí ọkọ̀ sì ni ihò náà wà lóòótọ́. Èdídí ti wà nínú èdè láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kí la fẹ́ fi tuntun ṣe? Mo tún rí i pé àtẹ náà kọ “ẹ yẹ ìdíhò wò”, ó sì dúró síbẹ̀. Wíwò kò tó. À ń yọ èdídí kúrò bí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀ kí omi òjò lè máa ṣàn jáde, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbàgbé láti dá a padà. Ọwọ́ ni kí a fi yí i wọlé títí yóò fi le, lẹ́yìn tí a bá ti rí i pé òrùka rọ́bà ọrùn rẹ̀ kò là. Pọ́ǹpù tó ń fa omi inú ọkọ̀ jáde náà, dídán wò ni: ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ gbọ́ ọ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Họ́ọ̀bù táyà, ìyẹn àárín rẹ̀ níbi tí bíárìn tó ń jẹ́ kó yí wà, kò sí nínú àtẹ rárá. Bí tírélà bá ti ọ̀nà jíjìn dé, bíárìn á ti gbóná. Bó bá wọ omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú họ́ọ̀bù á sún kì, á fa omi gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tó dí i, gíríìsì á bàjẹ́, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan họ́ọ̀bù, kó tutù ná. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì iná tírélà pẹ̀lú, torí gílóòbù gbígbóná ń fọ́ bí omi bá kàn án, fíúsì mọ́tò sì lè jó.

* * *

Èsì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Lórí bẹ́líìtì àti wíǹṣì, n kò ní àríyànjiyàn. Gírámà ni mo bá wá.

Sọ̀ tí ẹ gbé dìde, ohùn ìsàlẹ̀ tirẹ̀ náà ń di àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹ̀yin gan-an lẹ kọ “sọ ẹrù”. Ó wá bá sọ ti sọ òkò dọ́gba. Ẹ yọ àmì kúrò lára “ìsọkọ̀sómi”, ẹni tó ń kà á lè rí ẹni tó ń ju òkúta sómi. Ẹ̀sùn tí ẹ fi kan tú ti padà sọ́dọ̀ yín. Àwọn àgbà tó kọ́ wa ní ìró-ohùn kì í da ọ̀rọ̀ nù nítorí pé òǹkọ̀wé kò fi àmì sí i. Òǹkọ̀wé ni wọ́n ń bá wí. Láyé wọn, ta ló jẹ́ kọ lẹ́tà láìfi àmì sórí rẹ̀?

Ìyẹn nìkan kọ́. Àtẹ náà ti lo “sọ kalẹ̀” fún ẹ́ńjìnì. A gbọ́dọ̀ gbé ẹ́ńjìnì ìdí ọkọ̀ sókè kí tírélà tó fẹ̀yìn rìn lọ sómi, kí abẹ rẹ̀ tó ń yí nínú omi má baà ha kọnkéré. Bí omi bá jìn tó, a sọ ọ́ kalẹ̀, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tan án, torí omi ló ń tu ú lára. Bí ẹ́ńjìnì àti ọkọ̀ bá jọ ń gba sọ, èwo ni ẹni tó dúró sínú omi yóò kọ́kọ́ sọ̀?

“Agbọ́kọ̀” náà, gbọ́ ni etí ń bá pàdé níbẹ̀. Tírélà ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àtẹ kò sì mẹ́nu ba epo. Kí a ṣí ihò afẹ́fẹ́ orí táǹkì, kí a tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà àárín ọ̀pá epo títí yóò fi le, kí a fi imú wá òórùn epo. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù rẹ̀ wà nínú, kí fáànù fẹ́ gáàsì epo jáde fún ìṣẹ́jú 4 ó kéré tán kí a tó tan án, torí iná lè ṣẹ́ yọ.

* * *

Èsì

Àbúrò, mo gbọ́. Ẹ́ńjìnì kò nílò sọ̀. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ la máa ń wí. Tẹ́ ẹ bá fún ẹ́ńjìnì ní rẹ̀, sọ̀ á ṣẹ́ kù fún ọkọ̀. Lórí òkò, n kò tíì gbà. Kò sẹ́ni tó ń ju òkò tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16.

Ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá fẹ́ sọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ gbólóhùn dípò orúkọ: “Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ tú bẹ́líìtì ìdí. Ẹ fi èdídí dí ihò. Ẹ so okùn mọ́ imú ọkọ̀. Ẹ gbé ẹ́ńjìnì sókè. Ẹ má fọwọ́ kan wíǹṣì àti ẹ̀wọ̀n àfi bí ìdí ọkọ̀ bá léfòó.” Kí ẹni tó ń wa mọ́tò tó sọ̀ kalẹ̀, kó fa bíréèkì ọwọ́, kí wọ́n sì fi igi há táyà ẹ̀yìn mọ́tò, torí ewé omi ń mú kí kọnkéré yọ̀. Tú wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, ẹ rí i, ó sì wà níbi tó yẹ.

Lórí epo, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ fi okùn tó ń pa ẹ́ńjìnì kún un, èyí tí awakọ̀ ń so mọ́ ara rẹ̀: kí a fà á yọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ká rí i pé ó kú lóòótọ́.

Ẹ kò dáhùn lórí èdídí. Kò sì tíì sẹ́ni tó fún òrùka rọ́bà ọrùn rẹ̀ lórúkọ. Mo ń retí.